Rárá Rẹ Dà, Àbẹ̀kẹ́?

Gbé fóònù yẹn kalẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Mo ní kí o gbé e kalẹ̀. Da ojú rẹ̀ délẹ̀, kó yé tanná sí wa lójú. Fa àga súnmọ́ mi. Ẹ̀pà ń bẹ nínú abọ́ yẹn, máa bó o jẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ní tètè parí, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì máa dùn ún gbọ́.

Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Àbẹ̀kẹ́ ti búlọ́ọ̀kù mi." Mo ní búlọ́ọ̀kù kẹ̀? Ṣé ilé ló fẹ́ kọ́ ni? Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́, orí WhatsApp ni, bí òun bá pè ọ́ kò wọlé, bí òun bá kọ nǹkan ránṣẹ́ kò dé. Ó ní o ti búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin náà, o sì ti jáde nínú gúrúùpù ẹbí. Kí o tó jáde, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Láti òní lọ, ìgbé ayé tèmi ni mo fẹ́ máa gbé." Gbogbo ẹbí ló kà á. Bàbá Ṣàgámù tí kì í dá sí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ níbẹ̀, ìdí rẹ̀ ló kọ "Àmín" sí.

Mo rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ tí nǹkan máa sú ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni ọwọ́ ń yún mi láti fà ọ́ létí. Ohun tí o ń wá dára. Bí o ṣe ń wá a ni kò dára, a ó sì tú u palẹ̀ lónìí kí o tó padà sí Èkó.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpótí. O rántí ìgbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ ní Ṣùúrùlérè, tí òtútù ẹ̀rọ yín fẹ́ pa mí, tí mo ní kí o wá ìró kan fún mi kí n fi bora? O ṣí àpótí ńlá tó wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Èmi tí mo fi aṣọ títà tọ́mọ, ojú mi ti rí aṣọ, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. Léèsì aláwọ̀ ewé, léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà, ańkárá tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà létí, gèlè tí kò tíì jáde nínú ọ̀rá. Mo fa ọ̀kan yọ, mo ní ìnáwó ta ni èyí? O ní ìgbéyàwó àbúrò ọ̀gá yín kan níbi iṣẹ́ ni. Mo ní kí ni ìyàwó ń jẹ́? O wo òkè àjà, o wo ilẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, o ra aṣọ ₦45,000, o san owó télọ̀, o san owó ẹni tó wé gèlè àti ti ẹni tó kun ojú, kí o lè lọ bá ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀ yọ̀.

Níbo lowó ti wá? Má ṣe wulẹ̀ purọ́, nítorí àwọn tó yá ọ lówó kọ̀wé sí mi. Èmi tí n kò mọ̀ wọ́n rí! Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù mi dún, wọ́n ní ajigbèsè ni ọ́, wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún ọ. Àṣé áàpù ayánilówó tí o lọ bá yẹn ti kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ. Wọ́n kọ ọ́ sí mi, wọ́n kọ ọ́ sí pásítọ̀ yín, wọ́n kọ ọ́ sí obìnrin tó ń ta tòmátì fún ọ. Àwọn àgbà Abẹ́òkúta yìí ní, "Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Ṣàpọ́n tí wọ́n ń wí náà ni ibi tí o ti wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá wá bá mi lónìí. Òwe yẹn ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí áàpù tó borí rẹ̀.

Aṣọ nìkan tiẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni rẹ ló pọ̀ jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, o wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, o wà nínú ẹgbẹ́ aláàánú, o tún wà nínú àwọn tó ń gbálẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ ka ìwé mẹ́wàá fi ọ́ ṣe akápò, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí owó kò bá pé, o máa fi tìrẹ dí i. Níbi iṣẹ́, bí agogo márùn-ún bá lù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á gbé báàgì, iṣẹ́ wọn á sì gbé orí tábìlì rẹ sùn. Gbogbo ẹni tó bá pè ọ́, ìdáhùn kan náà lo ń fún wọn: "Kò sí wàhálà, mà." Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan pè ọ́ láti ọ́fíìsì, tó ń pariwo "Becky, Becky." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá káàkiri, mo ń wá Becky. Ìwọ lo dáhùn, o sì ń fi imú sọ̀rọ̀.

Mo mọ ibi tó ti wá. Nílẹ̀ wa, ọmọbìnrin tí kì í kọ iṣẹ́ la máa ń yìn. A ó ní ọmọ dáadáa ni, ibi tí a bá rán an náà ló ń lọ, kì í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ìyìn yẹn á dùn mọ́ ọn, á sì mọ́ ọn lára. Tó bá fi máa di ìyálé ilé, ó ti gbàgbé pé òun lẹ́nu tí òun lè fi kọ nǹkan. "Kí ni wọ́n máa wí?" ló ń jí i, òun náà ló ń gbé e sùn. Ta gan-an ni "wọ́n" yìí? Bí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́la, mélòó nínú wọn ló mọ ojúlé rẹ?

N kò ní kí n má sọ òtítọ́: o ti ń yí padà. O san gbèsè yẹn tán láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ inú àpótí kò pọ̀ sí i mọ́. O tilẹ̀ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín pé kí wọ́n wá akápò míràn. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo yìn ọ́ nínú ọkàn mi, mo kàn panu mọ́ kí orí rẹ má baà wú ni. Ìgbà tí mo ń rò pé ọmọ mi ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ orí fóònù yín dé.

Obìnrin kan jókòó sí Amẹ́ríkà, ó ní kí gbogbo ayé máa jí ní agogo márùn-ún. O jí. Ó ní kí ẹ mu omi ewé tí kò ní ṣúgà. O mu ún, ikùn sì run ọ́ dọ́jọ́ kejì. Òun kì í wọ nǹkan kan ju aṣọ funfun àti aṣọ àwọ̀ yanrìn, ìwọ náà kó gbogbo aṣọ aláràbarà rẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀ ará ilé kejì. Ó wá ní ẹnikẹ́ni tí kò bá fi nǹkan kún ayé yín, kí ẹ gé e dànù, ìwọ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá tó bí ọ. Àbẹ̀kẹ́, o bọ́ aṣọ ẹbí tilé, o lọ wọ aṣọ ẹbí ti fóònù! Ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe lè bá òun lára mu. Kì í ṣe òun ló ni ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Abẹ́òkúta. Bí o bá ń fi ìlànà ẹlòmíràn wá ara rẹ, ẹlòmíràn náà lo máa rí.

Ibi tó dùn mí jù rèé, kí o fetí sílẹ̀ dáadáa. O rò pé bí o ṣe búlọ́ọ̀kù ìyá rẹ yẹn, o ti kọ ọ̀rọ̀ fún un. O ò kọ nǹkan kan. O sá ni. Ẹni tó bá lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, èyí kò ní ṣeé ṣe," kò nílò kó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìgbà tí ẹnu rẹ kò gbé e lo ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù tó ń mú ọ sọ pé "kò sí wàhálà" náà ló mú ọ sá lọ. Ojú kan náà ni méjèèjì ti wá.

Wá wo ìkòkò aró ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ìyá àgbà rẹ ló ni ín. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń tọ ìka bọ̀ ọ́ kí èékánná rẹ lè dúdú bíi tiwọn. O rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ? Wọ́n á po láfún mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ bu ẹ̀kọ yẹn, wọ́n á máa fi ya iṣẹ́ sára aṣọ: ẹyẹ níhìn-ín, ewé ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún, òpó gbọ̀ngàn Màpó bó bá jẹ́ Ìbàdàn Dùn ni wọ́n ń ṣe. Wọn kì í wo ìwé. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọ́n á ri aṣọ sínú aró, wọ́n á fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í. Nígbà tó bá dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́nà gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń yọ. Ibi tí wọn kò ya nǹkan sí, dúdú lásán ni.

Bí ìwọ ti ń gba gbogbo nǹkan mọ́ra láti ọdún yìí wá, aró ló ń wọ ọ́ láìsí ẹ̀kọ. A ò rí iṣẹ́ kankan lára rẹ tí a lè pè ní ti Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà rẹ bá ti fi ẹ̀kọ bo aṣọ látòkè délẹ̀, aró kò ní ríbi wọ̀, aṣọ funfun tí wọ́n gbé lọ síbi ìkòkò náà ni wọn ì bá gbé bọ̀. Èyí tí o ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń yan ibi tó máa dí àti ibi tó máa ṣí sílẹ̀ ni.

Bóyá o rò pé àròsọ obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ni mò ń sọ. Jẹ́ kí n mú ẹni ńlá wá fún ọ. Ìyá Fẹlá lẹ̀yin mọ̀ wọ́n sí, àwa ń pè wọ́n ní Màmá Ransome-Kuti. Ìlú yìí ni wọ́n bí wọn sí ní 1900. Wọ́n wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abẹ́òkúta Grammar School gbà wọlé ní 1914. Ní 1919 wọ́n lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì padà dé ní 1922. Frances Abigail lorúkọ tí wọ́n gbé lọ. Nígbà tí wọ́n dé, Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n ní kí ayé máa pe àwọn. Ṣé o gbọ́, Becky?

Nígbà tó yá tí wọ́n ń bá àwọn obìnrin ọjà ṣe, wọ́n pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ni wọ́n ń ró jáde. Ó nídìí tí wọ́n fi ṣe é: wọn ò fẹ́ kí obìnrin tó ń ta gàrí jókòó tì wọ́n kó rò pé òun kéré. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ lọ, síbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń sọ síwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ. Ẹni tí kò bá gbọ́ kó lọ wá ògbufọ̀. Ní 1946 wọ́n dá Abẹ́òkúta Women's Union sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n ní èrò inú rẹ̀ tó 20,000, ìyá alágbo, ìyá aláṣọ, ìyá aláró, obìnrin tó kàwé àti èyí tí kò kà. Owó orí tí àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ni wọ́n bá jà. Wọ́n rọ́ lọ síwájú ààfin Aké, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ipò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Owó orí àwọn obìnrin náà sì dúró. Wọn ò búlọ́ọ̀kù Aláké, Àbẹ̀kẹ́. Ẹnu ọ̀nà ààfin ni wọ́n lọ.

Wọn ò sì torí ìyẹn tú ilé wọn ká. Ọkọ wọn, Àlùfáà Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ìwé Grammar School nígbà yẹn. Ọmọ wà nílé, iṣẹ́ olùkọ́ wà lọ́rùn, ẹgbẹ́ wà níta. Ohun tí wọ́n fẹ́ ló hàn sí wọn kedere, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ̀.

Bí ti Màmá bá ti pẹ́ jù lójú rẹ, Nike Davies-Okundaye wà láàyè tó ń ṣiṣẹ́. Ní Ògìdì, lápá Kogí lọ́hùn-ún, ni wọ́n bí wọn ní 1951. Nígbà tí aṣọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lé àdìrẹ kúrò lọ́jà, tí àwọn ọmọ aláró pàápàá ń sá fún ìkòkò, wọ́n ní àdìrẹ náà làwọn máa ṣe. Ní 1983 wọ́n dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ ọnà wọn tó wà ní Lẹ́kí, ìwọ náà ti lọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Ó ku tìrẹ. Kí lo fẹ́? Nígbà tí mo bi ọ́ lọ́jọ́sí, o ní àlàáfíà lo fẹ́. Ta ni kò fẹ́ àlàáfíà? Mo ní kí lo fẹ́ fi ọwọ́ rẹ ṣe! O ò dáhùn, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Láti kékeré lo ti ń já ṣíbí gbà lọ́wọ́ mi ní ìdáná, tí o máa gun orí àpótí lọ, tí o máa ka ìròyìn fún ewúrẹ́ Ìyá Àlíyù. Ohùn rẹ dára, Yorùbá rẹ já geere. O sọ fún mi fúnra rẹ pé ilé-iṣẹ́ rédíò kan ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe ètò Yorùbá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì ní kí o wá jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ. Kí ló dé tí o ò lọ? O ní Sátidé kì í ṣófo, ìnáwó ni. Àbẹ̀kẹ́, ta ló ni Sátidé rẹ? Ìbẹ̀rẹ̀ ayé tìrẹ tí o ń pariwo rẹ̀ nìyẹn. Kò la omi ewé lọ. Gba Sátidé rẹ padà ná.

Bí wọ́n bá pè ọ́ sí aṣọ, má ṣe sọ pé ara rẹ kò yá. Má sì ṣe sọ pé "màá wò ó" nígbà tí o ti mọ̀ pé o ò ní wò ó. Sọ pé, "Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á ṣe é lóore. N kò ní lè ra aṣọ, mo máa wá kí yín nílé." Kí o sì lọ kí wọn lóòótọ́. Má to àlàyé lé e lórí. Ẹni tó ń ṣàlàyé jù ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ dúnàá-dúrà. Àwọn kan máa bínú. Òmíràn kò ní pè ọ́ mọ́. Ọ̀gá rẹ lè fajú ro nígbà tí o bá gbé báàgì ní agogo márùn-ún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Jẹ́ kó dùn ọ́, kí o ṣì máa lọ.

Ṣùgbọ́n yan àwọn tí wàá ná ara rẹ fún láìkùn sínú. Oògùn ìyá rẹ, má jẹ́ kó wọ́n nílé. Bí àbúrò rẹ bá bímọ, lọ wẹ ọmọ. Bí ìyá rẹ bá tún ní kí o wá fi owó rẹ ṣe ìnáwó ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún un ní ìjókòó pé apá rẹ kò ká a. Ó máa pariwo. Ó máa ka oyún oṣù mẹ́sàn-án sí ọ létí. Jẹ́ kó kà á tán, kí o bu omi fún un, kí o má yí ọ̀rọ̀ rẹ padà. Alẹ́ òní yìí lo máa lọ bá a, ẹsẹ̀ rẹ lo sì máa fi rìn lọ, kò jìnnà.

Ó tún ku ọ̀kan. Mo máa pé àádọ́rin ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì ti dá aṣọ: àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti Ìtòkú, pẹ̀lú gèlè aṣọ òkè. ₦60,000 ni. Ṣé kí n kọ orúkọ rẹ sílẹ̀? Yé wo abọ́ ẹ̀pà. Èmi ni kí o wò.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè.

Ahà! O ò ní lè ra? O ní àdìrẹ tí ìyá àgbà rẹ fi sílẹ̀ fún ọ lo máa wọ̀ wá? Ó dùn mí díẹ̀ o, n kò ní purọ́ fún ọ. Inú mi sì tún dùn. Àwọn méjèèjì ló jọ jókòó sínú mi báyìí, òrùlé kò sì jìn. Bó ṣe máa rí lára ìyá rẹ náà nìyẹn.

Ó dáa, a ti parí ti aṣọ. Mo fẹ́ ẹni tó máa di maikirofóònù mú lọ́jọ́ àríyá mi, tó máa fi Yorùbá gidi kí àwọn àlejò mi, ohùn rẹ ni mo sì fẹ́. Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe ojú àánú. Èló lo máa gbà? Bí o bá dá mi lóhùn pé "kò sí wàhálà, mà," màá lu ọ́ ní ìpàkọ́. Dá iye lé e.